Bátìrì Kejì

Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu fi àkísà nu ojú gíláàsì tó wà lórí káńtà rẹ̀, ó sì to ẹrù kékeré kan síwájú Rokibat: bátìrì kan tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, mẹ́mọ́rì méjì tó rí pẹlẹbẹ, àti aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń nu ojú lẹ́ńsì.

"Gbogbo ohun tí o kà fún mi láti inú fóònù rẹ nìyí," ni ó wí. "Ẹni tó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ mọ iṣẹ́. Bí owó bá ṣẹ́ kù, wá fi ra ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, kí ọwọ́ rẹ má baà máa gbọ̀n."

Rokibat ti ń na ọwọ́ sí bátìrì náà nígbà tí Huda, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sìn ín wá sí àdúgbò Ṣàngó, fi ìgbúnwọ́ gbún un lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Wo ara ògiri," ni Huda sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Okùn ìgbékọ́rùn kan wà níbẹ̀, ó fẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì ń dán bí ìyẹ́ ọ̀kín. Báàgì dúdú kan so mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ lẹ́tà aláwọ̀ wúrà gàdàgbà sí lára. Nísàlẹ̀ báàgì náà ni wọ́n to àwọn gíláàsì róbótó pupa, búlúù àti aláwọ̀ ewé sí, irú èyí tí wọ́n máa ń dè mọ́ ojú lẹ́ńsì kí fọ́tò lè yí àwọ̀ padà.

"Ṣé okùn jákujàku tó wà lọ́rùn kámẹ́rà yẹn lo fẹ́ gbé lọ sí wòlímọ̀?" Huda bi í. "Gbogbo ayé á rò pé o lọ yá kámẹ́rà ni. Ra èyí, kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀gá dé."

"Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Zubair ní bátìrì ni kí n kọ́kọ́ rà."

"Bátìrì! Inú ni bátìrì ń wà. Ta ló ń rí i?"

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Rokibat, kámẹ́rà tí wọ́n sì tìtorí rẹ̀ jáde yìí kì í ṣe tirẹ̀. Zubair, àbúrò ìyá rẹ̀, ló ni ín. Ìgbà tí Zubair wà ní yunifásítì ní Malete ló rà á, fọ́tò tó ń fi í ya àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì fi ń ra ìwé títí ó fi jáde. Nígbà tí ìjọba gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn láti ṣe agùnbánirọ̀, Rokibat ló fi kámẹ́rà náà sílẹ̀ fún, nítorí òun nìkan ló máa ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn nígbà ìsinmi, tí á máa béèrè pé kí ni èyí ń ṣe, kí ni tọ̀hún wà fún. Kó tó lọ, ó kìlọ̀ fún un gbọnmọgbọnmọ pé, "Bátìrì yìí ti darúgbó. Bí o bá ṣáájì rẹ̀ kún dẹ́nu, bóyá ni yóò ya ọgọ́rin fọ́tò. Má gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni láìní bátìrì kejì lápò."

Iṣẹ́ sì ti dé báyìí, Zubair sì ti fi owó àti orúkọ ohun tí yóò rà ránṣẹ́. Ìyá Sàlíhù, tí ilé rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kẹta sí tiwọn lẹ́yìn ọjà Ipata, fẹ́ ṣe wòlímọ̀ Kùránì, ayẹyẹ ìparí kéwú rẹ̀, lọ́jọ́ Àìkú. Kì í ṣe ọmọdé o. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Ogójì ọdún gbáko ló fi ta ẹ̀wà ní Ipata, kò sì mọ álífù yàtọ̀ sí bá nínú kéwú. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó gbé wàláà sábẹ́ apá, ó wọ ilé-kéwú àdúgbò lọ, ó sì jókòó sórí ẹní kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ tí eyín iwájú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Bí ahọ́n rẹ̀ bá kọ́, àwọn ọmọ á bú sẹ́rìn-ín, òun náà á sì bá wọn rín in. Ọdún márùn-ún ló fi kà á débi tó parí. Sàlíhù, ọmọ rẹ̀ àgbà, fẹ́ wá ayafọ́tò ńlá kan, àmọ́ ìyá ní rárá.

"Rokibat tí mo rí dàgbà ni kó yà mí," ni ó wí. "N kò ní tijú ojú rẹ̀."

Gbogbo èyí wà lọ́kàn Rokibat bó ṣe dúró nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ṣùgbọ́n ó tún rí ara rẹ̀ lọ́kàn, láàárín èrò, pẹ̀lú okùn aláwọ̀ ọ̀kín lọ́rùn, tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń tọ́ka sí i.

Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu ti rí ibi tí ojú rẹ̀ wà. "Ọmọ mi," ni ó wí, "ohun tí wọ́n rí lára èèyàn kọ́ ló ń ya fọ́tò. Okùn dára, báàgì náà dára, tí ọjọ́ wọn bá tó. Èyí tí iṣẹ́ kò lè ṣe láìsí ni ká kọ́kọ́ gbé. Bátìrì mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Èyí tó wà nílé ṣì lágbára dáadáa, sà," ni Rokibat dáhùn.

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Kò tilẹ̀ dà bí irọ́ létí rẹ̀. Ó gbé okùn, ó gbé báàgì, ó sì gbé gíláàsì aláwọ̀ mẹ́ta lé e. Nígbà tó máa sanwó tán, aṣọ tí wọ́n fi ń nu lẹ́ńsì nìkan ni owó tó kù ká, Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu sì rọra kó bátìrì àti mẹ́mọ́rì padà sínú àpótí rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Zubair pè. "Ṣé o ti ra àwọn nǹkan náà?"

"Mo ti rà wọ́n, Bọ̀dá Zubair."

"Bátìrì ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Ó káre. Ọkàn mi balẹ̀."

Ọkàn ti Rokibat kò balẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé okùn náà kọ́rùn níwájú dígí, ọkàn náà sì gbàgbé.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Huda wá, ó ní kí Rokibat ya òun lẹ́yìn ilé. Ó fi hìjáàbù mẹ́ta pààrọ̀ ara wọn, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó jókòó sórí òkúta, fọ́tò lé ní ọgbọ̀n. Nígbà tí wọ́n máa fi bátìrì sórí iná, wọ́n ti mú iná lọ. Wákàtí kan péré ni aládùúgbò fi tan jẹnẹrétọ̀, ibẹ̀ ni Rokibat sì ti rí ìwọ̀nba tó rí. Ó mú ara rẹ̀ lọ́kàn le pé yóò tó.

Ọjọ́ Àìkú pé. Wọ́n ta tápólì sí ojúde, àwọn àfáà wọ láwàní funfun, àwọn obìnrin jókòó lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Bí Rokibat ṣe yọ, okùn ọ̀kín ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rà á fún.

"Ẹ wo ayafọ́tò wa!" ni ẹnìkan ké. Àwọn ọmọdé tò tẹ̀ lé e. Huda kí i láti ibi tó jókòó sí, ó sì gbé àtàǹpàkò sókè. Orí Rokibat wú. Ó ya tápólì, ó ya ìkòkò ìrẹsì, ó ya fìlà àwọn bàbá, ó ya ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fi ìmọ̀ ọ̀pẹ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ó so gíláàsì pupa mọ́ lẹ́ńsì, ó ya àwọn ọmọ. Ó tú u, ó so búlúù. Kò ka iye tó yà.

Ó kù díẹ̀ kí agogo kan lù ni wọ́n pe Ìyá Sàlíhù jáde. Aṣọ funfun ló wọ̀ láti òkè délẹ̀. Ó fi ọwọ́ lé èjìká ọmọ kékeré kan nínú àwọn tí wọ́n jọ kàwé, ó sì dìde. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Rokibat yà. Nígbà yẹn ló rí i pé àmì bátìrì ti pọ́n, ó ń ṣẹ́jú.

Ìyàwó Sàlíhù yọ fóònù rẹ̀ jáde láti ká kéwú náà sílẹ̀. Àwọn méjì mìíràn náà yọ tiwọn, wọ́n sún mọ́ iwájú. Ni Ìyá Sàlíhù bá gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fóònù yín kalẹ̀," ni ó wí. "Ẹ má ṣe dí ọmọ yìí lójú. Òun ló ń yà á. Rokibat, ṣé o wà ńbẹ̀?"

"Mo wà ńbẹ̀, Ìyá."

Gbogbo fóònù wọ àpò. Ìyá Sàlíhù jókòó sórí awọ àgbò níwájú àfáà, ó ní "Bísímílááhì." Rokibat tẹ kámẹ́rà. Kò dún. Ó pa á, ó tún un tàn. Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Bátìrì ti kú.

Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni Rokibat ní láti fi sọ̀rọ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kó ti ẹnu rẹ̀ jáde: "Ẹ gbà mí o, bátìrì mi ti kú, ẹ fi fóònù yín yà á." Ahọ́n rẹ̀ ti gbé e dé ẹnu. Ó gbójú sókè, ó rí àwọn èèyàn tó ń wò ó, ó rí Huda, ó rí okùn olówó iyebíye tó wà lọ́rùn ara rẹ̀. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sì gbé kámẹ́rà tó ti kú sójú.

Ihò tí wọ́n ń gbà wòran lára irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ kì í lo iná, nítorí náà ó ṣì ń rí gbogbo nǹkan kedere. Ó rí Ìyá Sàlíhù tó ń kéwú. Ó rí ìka rẹ̀ tó ń gbọ̀n lórí ojú ìwé. Ó rí i nígbà tó dé ibì kan tí ohùn rẹ̀ dákẹ́ lójijì, tí gbogbo ojúde pa rọ́rọ́, tí àfáà ti ń la ẹnu láti ràn án lọ́wọ́. Ìyá gbé ìka kan sókè pé kó má sọ ọ́ fún òun. Ó di ojú, ó mí kanlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wá, ó sì bá a lọ títí dé òpin. Ariwo "Allahu Akbar" sọ. Àfáà fi etí láwàní nu ojú. Rokibat ń tẹ, ó ń tẹ, nǹkan kan kò wọlé.

Ìyá Sàlíhù yíjú sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó fi gbogbo ojú rín. "Ṣé ó wọlé?" ni ó bi í.

Rokibat mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Yà mí pẹ̀lú Àfáà." Ó yà á lásán. "Ó yá, yà mí pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi." Àwọn ọmọ kéékèèké yí i ká, ó sì gbé ọ̀kan lé ẹsẹ̀. Ìyá ń yí ojú sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì, ó ń rẹ́rìn-ín. Bí ogún ìgbà ni Rokibat fi tẹ irin tí kò dáhùn. Òógùn ń sàn lábẹ́ hìjáàbù rẹ̀, okùn ọ̀kín sì ń yún un lọ́rùn bí èèsún.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Sàlíhù fúnra rẹ̀ gbé abọ́ ẹran wá sílé wọn. "Ti ayafọ́tò mi ni," ni ó sọ fún ìyá Rokibat. "Kó jẹ ẹ́ nìkan o." Rokibat gbé abọ́ náà kalẹ̀ láìtọ́ ọ wò.

"Fọ́tò ńkọ́, ọmọ mi?"

"Mo ṣì ń tún wọn ṣe, Ìyá."

"Kò burú. Ummu-Kulthum ló ń kán mi lójú." Ummu-Kulthum ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni ní Saudi. Wọn kò fún un láyè láti wá, ojoojúmọ́ ló sì ń pè láti béèrè bí ìyá òun ṣe rí lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Rokibat gba ẹ̀yìn ilé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kó má baà kọjá lójúde ìyá náà. Ní Ọjọ́rú, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún Huda lábẹ́ igi ọgbà ilé-ẹ̀kọ́.

"Ìyẹn nìkan?" ni Huda wí. "Sọ pé mẹ́mọ́rì ló bàjẹ́. Mẹ́mọ́rì ta ni kì í bàjẹ́? Wọ́n á tilẹ̀ bá ọ kẹ́dùn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Rokibat lára bí omi tútù. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú orí títẹ̀ba. Ìyá Sàlíhù bá a kẹ́dùn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Sàlíhù sọ pé àwọn kan wà tó máa ń jí mẹ́mọ́rì tó bá kú. Ṣọ́ọ̀bù wo lo ti ń ra nǹkan rẹ?"

Rokibat kò rí irọ́ mìíràn mú. "Ní Ṣàngó ni."

"Ó dáa. Lọ́la, tí o bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, ká jọ lọ."

Ẹyin ni ohùn. Bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó jọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí Ṣàngó. Ìyá di mẹ́mọ́rì náà sínú etí ìborùn rẹ̀ bí ẹni di wúrà. Ní gbogbo ọ̀nà, ó ń ṣàdúà pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kó bàjẹ́ pátápátá.

Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu kí wọn káàbọ̀. Ìyá Sàlíhù tú etí ìborùn, ó sì ṣàlàyé. Ọkùnrin náà ti mẹ́mọ́rì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Kò pẹ́ ni tápólì yọ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìkòkò ìrẹsì. Lẹ́yìn náà, àwọn bàbá onífìlà.

"Ó ti jí!" Ìyá Sàlíhù pàtẹ́wọ́, ó tẹ̀ síwájú lórí káńtà. "Ọlọ́run ṣé o! Wo Àfáà! Wo Sàlíhù, bó ṣe ń jẹun! Rokibat, ó ti jí, wá wò ó!"

Rokibat dúró sẹ́yìn rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá lanu nígbà yẹn, ìbá wọ inú rẹ̀ láìwẹ̀yìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni fọ́tò ń kọjá, àwọn kan pupa, àwọn kan búlúù, títí ó fi kan ẹ̀yìn obìnrin kan tó wọ funfun, tó fi ọwọ́ lé èjìká ọmọ. Ibẹ̀ ló dúró sí.

"Èmi nìyẹn," ni Ìyá wí tayọ̀tayọ̀. "Ṣí èyí tó kù."

"Ó tán, Màmá."

"Kò lè tán. Ó yà mí níbi tí mo ti ń kéwú. Ó yà mí pẹ̀lú Àfáà, ó yà mí pẹ̀lú àwọn ọmọ."

Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu tún wò ó látòkè délẹ̀. "Màmá, mẹ́mọ́rì yìí kò ṣàìsàn rárá. Kò sí ohun tó sọnù nínú rẹ̀." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wo Rokibat, ohùn rẹ̀ kò sì le. "Ọmọ mi, bátìrì mélòó lo gbé lọ síbẹ̀?"

Huda ìbá ti wá nǹkan sọ. Rokibat pàápàá ronú rẹ̀: ó lè ní ẹnìkan ló pa àwọn fọ́tò náà rẹ́, ó lè ní òun kò mọ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Sàlíhù ti yíjú padà, ìrètí ṣì wà lójú rẹ̀, Rokibat kò sì lè pa irọ́ mìíràn níwájú ojú yẹn. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹyọ kan ni, sà," ni ó wí. "Ìyá, mẹ́mọ́rì kò bàjẹ́. Irọ́ ni mo pa. Bátìrì ló kú. Ó kú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ kéwú, n kò sì sọ ọ́. Owó tí Bọ̀dá Zubair fi ránṣẹ́ pé kí n ra òmíràn, okùn àti báàgì ni mo fi rà. Mo kàn ń gbé kámẹ́rà sójú lásán ni."

Ìyá Sàlíhù wò ó bí ẹni pé kò gbọ́ èdè tó ń sọ. "Nígbà tí mo béèrè pé ṣé ó wọlé ńkọ́, tí o mi orí?"

"Ó ti kú, Ìyá."

"Nígbà tí mo kó àwọn ọmọ jọ?"

"Ó ti kú."

"Mo ní kí wọ́n sọ fóònù wọn kalẹ̀," ni ìyá arúgbó náà wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Nítorí tìẹ ni mo ṣe ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀."

Kò pariwo. Kò ṣépè fún un. Ńṣe ló fa etí hìjáàbù rẹ̀ bo ẹnu, bí ẹni pé ojú ń ti òun fún gbogbo ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ náà. Ohun tó dun Rokibat jù lọ nìyẹn: pé òun ló dẹ́ṣẹ̀, àgbàlagbà tí kò ṣe nǹkan kan ló wá ń bo ojú. Nínú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n wọ̀ padà sílé, èjìká wọn kan ara wọn, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ni ìyá ń wò títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀.

Rokibat sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ló pe Zubair. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún òun náà.

"Owó kọ́ ló dùn mí," ni Zubair wí. "Mo bi ọ́ nípa bátìrì, o ní ó wà lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá sọ òtítọ́ fún mi lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá ti bá ọ yá ọ̀kan ní Malete, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ. Gbé kámẹ́rà náà lọ fún Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu, kó bá mi tọ́jú rẹ̀ títí n ó fi dé."

Ó gbé e lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo bó ṣe ń bọ̀, ṣùgbọ́n ojú tó ń tì í kò fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ kì í sì í pẹ́ rìn ládùúgbò. Àwọn ọmọ tó tò tẹ̀ lé e lọ́jọ́ wòlímọ̀ wá ń gbé ọwọ́ òfìfo sójú bó bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Ó ti wọlé!" wọ́n á sì sá lọ.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Ìyá Sàlíhù ránṣẹ́ pè é. Ó bá a lórí ẹní nínú pálọ̀, fóònù wà níwájú rẹ̀.

"Ummu-Kulthum ló wà lórí rẹ̀," ni ó wí. "Èmi kò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́ fún un. Ìwọ sọ ọ́."

Rokibat kí àǹtí náà, ó sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, láìyọ nǹkan kan kúrò. Lódìkejì, ó gbọ́ tí ẹni náà fa imú.

"Nítorí okùn," ni Ummu-Kulthum wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Ẹ dárí jì mí."

"N kò tíì lè dárí jì ọ́ lónìí. Mo gbàdúà fún ọjọ́ yẹn fún ọdún márùn-ún. Sàlíhù sọ pé ẹ̀yìn ni òun jókòó sí, òun kò rí i dáadáa. Ìwọ tí o wà níwájú, kí lo rí?"

Rokibat wo Ìyá Sàlíhù. Ìyá kò wò ó, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà ló ń kà. Ni Rokibat bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́: bí ìka ìyá ṣe ń gbọ̀n lórí ojú ìwé, bí ohùn rẹ̀ ṣe kéré níbẹ̀rẹ̀ tó sì wá ń lọ sókè, bí ó ṣe dé ibì kan tó dákẹ́.

"Wọ́n gbàgbé?" Ummu-Kulthum bi í kíákíá.

"Wọ́n gbàgbé, Àǹtí. Àfáà fẹ́ sọ ọ́ fún un, Ìyá gbé ìka sókè pé kó má sọ ọ́. Wọ́n di ojú. Ó pẹ́ díẹ̀. Ẹ̀rù ba gbogbo wa. Wọ́n wá rántí rẹ̀ fúnra wọn, wọ́n sì kà á dé òpin. Àfáà sunkún."

Ummu-Kulthum rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. "Ìyá mi nìyẹn," ni ó wí. "Ìyá mi gan-an nìyẹn. Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Nígbà tó parí, ó dojú bolẹ̀ níwájú Ìyá Sàlíhù, ó bẹ̀ ẹ́.

"Dìde," ni ìyá wí. "Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n má ṣe ní kí n tún un ṣe o, n kò lè ṣe wòlímọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì. Ohun tó lọ ti lọ. Ká ní o ké lọ́jọ́ náà pé bátìrì ti kú, a ó fi ọ́ rẹ́rìn-ín fún ìgbà díẹ̀, ìyàwó Sàlíhù á fa fóònù yọ, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìwọ ń sá fún ẹ̀sín kékeré, o sì sá lọ bá ńlá. Bátìrì kì í gbé èèyàn ṣubú tó bẹ́ẹ̀, Rokibat. Irọ́ ló ń gbé e ṣubú."

Zubair padà dé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó sì dá kámẹ́rà náà padà fún un. Fúnra rẹ̀ ni Rokibat lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu ní Ṣàngó, pẹ̀lú owó tó kó jọ láti inú iṣẹ́ tó ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Kò wo ara ògiri. Bátìrì ló béèrè, lẹ́yìn náà mẹ́mọ́rì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n sì tún pè é síbi ìkómọ, nǹkan tó kọ́kọ́ sọ fún onílé ni pé, "Ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn yín náà fi fóònù wọn ya díẹ̀. Bí ti èmi bá kọṣẹ́, n ó sọ fún yín lójú ẹsẹ̀."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, ohun tó ń gbé iṣẹ́ ró ni kí ẹ máa rà ṣáájú ohun tó ń gbé èèyàn níyì. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ẹ ti ṣì í rà, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí àtúnṣe ṣì wà. Rokibat jẹ́wọ́, wọ́n sì dárí jì í, síbẹ̀ títí di òní, bí àlejò bá béèrè lọ́wọ́ Ìyá Sàlíhù pé fọ́tò wòlímọ̀ rẹ̀ dà, tí Rokibat sì wà nítòsí, orí rẹ̀ máa ń wálẹ̀.